Ọpọlọ, Iṣan Ìmọ̀lára àti Gìrì Ọmọdé



Bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì kan ìkòkò gbígbóná lórí iná, ẹ ó ti fa ọwọ́ náà sẹ́yìn kí ẹ tó mọ̀ pé ó jó yín. Ta ni ó pàṣẹ fún ọwọ́? Nínú ara wa ni àwọn ẹ̀yà kan wà tí ń gba ìròyìn, tí wọ́n sì ń pàṣẹ tọ̀sán-tòru. Ó yẹ kí gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà mọ̀ nípa wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni gìrì ti ń wá.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ NÁÀ

(a) Ọpọlọ: Inú agbárí ni ó wà. Ti àgbàlagbà máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 1.4. Apá ńlá tí ó wà lókè ni a fi ń ronú, tí a fi ń rántí nǹkan, tí a sì fi ń sọ̀rọ̀. Apá kékeré tí ó wà níhà ìpàkọ́ ni kì í jẹ́ kí á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí a bá ń rìn. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ó ti fẹ́ wọ ọrùn, ni ó ń darí mímí wa àti lílù ọkàn, àní nígbà tí a bá sùn.

(b) Okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn: Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ gba inú eegun ẹ̀yìn. Gígùn rẹ̀ lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45.

(d) Iṣan ìmọ̀lára: Wọn kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Méjìméjì ni wọ́n ń jáde bí ìbejì: ìbejì 12 láti inú ọpọlọ, ìbejì 31 láti inú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn, wọ́n sì tàn ká dé orí ọmọ ìka.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àwọn iṣan kan ń gbé ìròyìn lọ, àwọn mìíràn ń gbé àṣẹ bọ̀. Èyí tí ó yára jù nínú wọn lè mú ìròyìn rin ju mítà 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ọwọ́ bá kan ìkòkò gbígbóná, okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn kì í dúró de ọpọlọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ sá. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ tó gbọ́ pé ó dunni.

Ọpọlọ kì í ní oúnjẹ ní ìpamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti atẹ́gùn tí a ń mí sínú ni ó gbójú lé. Bí atẹ́gùn kò bá dé ibẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

KÍ NI GÌRÌ?

Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà. Láti oṣù 6 títí di ọdún 5, ara gbígbóná lè dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò máa pàṣẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ètò. Ọmọ a le gbagidi, a máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ a yí sókè. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe èpè.

Gìrì tí ara gbígbóná lásán fà sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìba ọpọlọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ibà tí ó ti wọ ọpọlọ, tàbí àrùn yínrùnyínrùn, lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, gbogbo ọmọ tí gìrì bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí itọ́ lè ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀.
2. Ẹ tú aṣọ tí ó fún un lọ́rùn, kí ẹ sì mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀.
3. Ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ má ṣe dúró kí ó tán. Ẹ gbé e lọ.
4. Bí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dáadáa, ẹ fún un ní ọmú, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Ẹ má ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ṣíbí lè kán an léyín.
2. Ẹ má ṣe rọ ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà sí, kẹrosíìnì tàbí àgbo kankan sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìtọ̀ màlúù yìí tún máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà náà ni oúnjẹ ọpọlọ. Ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ láàyè, àgbo yìí lè pa á.
3. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì ṣe fi ata sí i lójú. Gìrì kò ní tìtorí ìrora dáwọ́ dúró. Àpá nìkan ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ó sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ẹ ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ ìyá àgbà àti ẹni tí ń bá yín tọ́jú ọmọ, nítorí pé gìrì kì í dúró de ìyá kí ó tó ti ọjà dé.