Ike Ààtàn àti Títì Ọlọ́dà

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì mọ ìṣe òjò. Ọ̀rá omi mímu á dí gọ́tà, omi á gba orí títì, ọ̀dà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní àgbàlá àwọn mẹkáníìkì, bọ́ńpà fífọ́ ń ga bí òkìtì.

Ní Madurai, ní ilẹ̀ Íńdíà, Rajagopalan Vasudevan ti fi ike ààtàn tẹ́ títì láti ọdún 2002. (Olùkọ́ kẹ́mísírì ni o, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe!) Wọn a gé ike wẹ́wẹ́, wọn a dà á sórí òkúta gbígbóná, ike a yọ́, a bo òkúta, kí wọ́n tó da ọ̀dà lé e. Omi kì í tètè ráyè wọ àárín òkúta àti ọ̀dà mọ́.

Àwa kò sọ pé gbogbo ike ni ó dára. PVC, tí a fi ń ṣe páìpù omi, kò gbọdọ̀ débẹ̀: èéfín olóró ni í mú jáde bí ooru bá pọ̀. Polypropylene ni púpọ̀ nínú bọ́ńpà, ṣùgbọ́n rọ́bà àti ọ̀dà ìkunmọ́tò wà lára wọn; àfi kí a dán wọn wò.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Pólítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ kò jìnnà sí wa. Kí ìjọba fún wọn ní títì kan ní Ajílósùn. Kí wọ́n fi ike tẹ́ ìdajì, kí wọ́n fi ọ̀dà lásán tẹ́ ìdajì kejì, kí òjò ọdún mẹ́ta ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.