Ọ́díṣọ̀n Iléèwé Eré Olórin: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Ọmọ Mọ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ níbí pé eré olórin ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Ṣé wọ́n ń kàwé fún ìyẹn náà ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń kàwé fún un. Olùkọ́ wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi, torí pé àwọn ọmọ méjì ní kíláàsì tó tẹ̀lé tiwa fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Eré olórin ni eré orí ìtàgé tí àwọn òṣèré ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń jó láti fi sọ ìtàn kan ṣoṣo. Dìgírì tí ọ̀pọ̀ ń lé kiri ní Amẹ́ríkà ni BFA, ọdún mẹ́rin ni. Nínú rẹ̀, ohùn, ijó àti eré ṣíṣe ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì. BA kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mìíràn, ọ̀pọ̀ BA kì í sì í béèrè ọ́díṣọ̀n rárá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa kàn án níwájú.

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Àyè ni kò sí. Yunifásítì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ́dún, kí ẹ̀ka eré olórin inú rẹ̀ má gbà ju bíi 20 lọ. Olùkọ́ kan sí ọmọ kan ni kíláàsì ohùn, wọn ò lè kó ọmọ ọgọ́rùn-ún jọ kọ́ ọ. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ibi tó lórúkọ, bíi Michigan, Carnegie Mellon tàbí Cincinnati, sì pọ̀ ju àyè náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ ni wọ́n ń yàn, bí ẹni ń yan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá ti ní aṣọ́lé méjì, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù láyé lè dé, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan fi lè gbọ́ "rárá" ní ibi mẹ́jọ, kí ibi kẹsàn-án sì fún un lówó kó lè wá.

Kí wọ́n tó pe ènìyàn síwájú wọn, ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń kọ́kọ́ béèrè fídíò. Prescreen ni wọ́n ń pè é. Láàárín Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá ni ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí, ìyẹn ni pé ìsinmi ìgbà ooru ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń béèrè ohun tó wù ú. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà kan tó ń jẹ́ Musical Theater Common Prescreen, nítorí náà fídíò kan náà lè lọ sí ibi púpọ̀. Orin méjì tí kò jọra ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ọ̀kan láti inú eré àtijọ́ tí wọ́n kọ ṣáájú 1970, ìkejì láti inú eré òde òní. Kì í ṣe odidi orin o. Ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó. Monologue náà wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí òṣèré kan ń dá sọ nínú eré tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, àti fídíò ijó. Nígbà tí ẹ bá ń kọrin, kí kámẹ́rà mú yín láti orúnkún sókè, fún monologue, láti àyà sókè, fún ijó, gbogbo ara. Fóònù ni mo fi ya tèmi, àbúrò mi ló dì í mú. Kò sẹ́ni tó béèrè irú kámẹ́rà tí mo lò.

Yíyan orin gan-an ni iṣẹ́. Ọmọ ọdún 17 tó ń kọ orin opó tó ti sin ọkọ méjì, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ wá ohun tó bá ọjọ́ orí yín mu. Ẹ sá fún orin tí gbogbo ayé ń kọ lọ́dún náà, torí àwọn tó jókòó síwájú yín á ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó di ọ̀sán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú orin tí ẹ lè kọ dáadáa ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, torí inú òtútù ni ìdánwò yìí máa ń wáyé. (Orógbó ni ìyá àgbà mi ń kó fún mi. Ó korò! Omi ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé.)

Àwọn iléèwé kan tún máa ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní wild card: bíi ìṣẹ́jú kan, kí o ṣe ohunkóhun tó máa fi irú ẹni tó o jẹ́ hàn. Ibí yìí ni àwa ọmọ Yorùbá ti ní ọrọ̀ tí a ò mọ̀. Mo fi dùndún pe oríkì ìdílé wa, mo wá fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀lé e, kí wọ́n lè gbọ́ pé ohun kan náà ni ìlù àti ẹnu ń wí. Kíláàsì ìlù tí ẹ̀ ń sá fún lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni mo ti kọ́ ọ o. Iléèwé méjì ló tún bi mí nípa rẹ̀ nígbà tí mo dé iwájú wọn.

Tí fídíò bá yege, ó di ọ́díṣọ̀n gan-an, ní Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì. Ẹ lè lọ sí iléèwé náà, tàbí kí ẹ lọ sí Unifieds, níbi tí iléèwé púpọ̀ ti ń kóra jọ sí ìlú kan, New York, Chicago tàbí Los Angeles. Àwọn kan ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. New Jersey ni a ń gbé, torí náà tíréènì ni mo wọ̀ lọ sí New York, mi ò san owó hòtẹ́ẹ̀lì kankan, mo sì rí iléèwé márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ijó máa ń wáyé pẹ̀lú ẹgbẹ́. Wọ́n á kọ́ yín ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì jó o padà. Kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga jù nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ẹni tó ń tètè kọ́ nǹkan, àti ẹni tó gbàgbé ìgbésẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò sì yí padà.

Orin ló kàn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í kọbi ara sí nínú yàrá yẹn ni ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ọjọ́ náà ló máa kọ́kọ́ rí ìwé orin yín. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ parí sí, kí ó hàn ketekete. Ẹ to ìwé náà sínú fáìlì lójú méjèèjì, kó má baà máa ṣí i lójoojúmọ́ bí ìwé àdúrà. Ẹ kí i. Ẹ rọra kọ ìlà kan sí i létí kó lè mọ bí orin ṣe ń yára sí. Ẹ má ta ìka sí i láé! Lójú wọn, àfojúdi ni, bí ìgbà tí ọmọdé nawọ́ òsì sí àgbà. Ẹ̀yin ọmọ tí a ti kọ́ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ẹ ti mọ èyí kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn orin, ẹnì kan lè ní, "Tún un kọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì." Ẹ má bẹ̀rù, kò túmọ̀ sí pé ẹ ṣe é láìdáa. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣeé kọ́ ni. Ẹ yí i padà gidi, kí ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Àti orúkọ yín: ẹ pè é bí wọ́n ṣe pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Ọmọ kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wá bó ṣe máa gé tirẹ̀ kúrú. Èmi ò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín ló kàn báyìí. Owó fọ́ọ̀mù iléèwé kan sábà máa ń ju 50 dọ́là lọ, ẹ wá fi mọ́kànlá lù ú. Ìdílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè béèrè lórí Common App pé kí wọ́n yọ owó náà kúrò, ojú kò gbọdọ̀ tì yín. Ẹ tètè kọ FAFSA. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀kùn méjì ló wà: àwọn eléré á gba ọmọ, yunifásítì fúnra rẹ̀ náà á sì wo ìwé rẹ̀, nítorí náà máàkì ìṣirò kò tíì di ohun ìgbàgbé. Kí ìwé BA kan tí kò béèrè ọ́díṣọ̀n wà nínú àpò yín, àti iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀ yín. Tiwa níbí, Montclair State, ní BFA eré olórin. Ní ti àwọn tó ń gba owó gegere láti múra ọmọ sílẹ̀, olùkọ́ kọ́ọ̀sì mi ní iléèwé ló gbọ́ gbogbo orin mi, kò gba kọ́bọ̀.

Dádì mi kọ́kọ́ sọ pé òun ò rán ọmọ wá sí Amẹ́ríkà kó wá di alárìnjó. Mo rán wọn létí Hubert Ògúnǹdé tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945, àti Dúró Ladipọ̀ tó gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Mo tún sọ fún wọn pé Fela! dé Broadway ní 2009, ó sì gba ẹ̀bùn Tony mẹ́ta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an: "Ta ló máa bọ́ ẹ?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, dìgírì kankan kò sì fi ipa ṣe ìlérí iṣẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láì fi nǹkan kan pamọ́, láti ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń gbé mi lọ sí kíláàsì ijó.

Nínú mọ́kànlá tí mo kọ̀wé sí, mẹ́fà dúró sórí fídíò. Nínú márùn-ún tó kù, méjì ní rárá, ọ̀kan fi mí sára àwọn tó ń dúró, méjì gbà mí. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrànwọ́ tí wọ́n fún wa, ó ṣì ku 31,000 dọ́là lọ́dún tí a máa san. Èkejì súnmọ́ ilé, agbára wa sì ká a. Mọ́mì ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ti àkọ́kọ́ pé kí wọ́n tún un wò. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé ẹ lè kọ irú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní Oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń retí èsì àti owó ìdúró, nítorí náà ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé tí Dádì fi ń ṣírò rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì oúnjẹ, kò sẹ́ni tó lè gbé àwo lé e.

Fáìlì dúdú tí mo to orin mi sí wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa, pẹ̀lú gbogbo àmì bírò inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó yá a, kó sì dá a padà.