Salamáńdà ẹlẹ́yìn pupa: ẹranko tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró, tó ń fi awọ ara mí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí salamáńdà ẹlẹ́yìn pupa yóò rò pé ọmọńlé ni. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ìrù gígùn, ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Láti imú dé ìdí ìrù, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ìpẹ́ lára. Awọ rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ni, kì í ṣe ìbátan alángbá. Ìlà pupa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fún un lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí wọn kò ní ìlà náà, tí gbogbo ara wọn rí bí eérú. Plethodon cinereus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa ní Benin àti Tógò. Inú igbó ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ń gbé, láti Québec ní Kánádà títí dé North Carolina.

Ohun tó mú ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni pé kò ní ẹ̀dọ̀fóró rárá. Kò sì ní ohun tí ẹja fi ń mí nínú omi. Awọ ara rẹ̀ àti inú ẹnu rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀: ìdílé tó ti wá ní irú ẹranko tó lé ní 400, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ẹyin, ẹ̀dọ̀fóró máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ, lẹ́yìn náà ni yóò pòórá kí ọmọ tó jáde.

Mímí lọ́nà yìí ní òfin tirẹ̀. Atẹ́gùn kò lè gba awọ gbígbẹ wọlé. Bí ara salamáńdà bá gbẹ, èémí ti há mọ́ ọn nínú nìyẹn, ikú ló kàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé lábẹ́ ìtì igi tó ti ń jẹrà, lábẹ́ òkúta àti láàárín ewé tó já sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lọ́sàn-án lásán. Ti salamáńdà yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: alẹ́ ló ń jáde, pàápàá bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, láti wá èèrà, ikán àti àwọn kòkòrò kéékèèké jẹ. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo ilẹ̀, yóò wọ inú ihò lọ sísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kò ti dì.

Kò nílò odò láti bímọ. Ọ̀pọ̀lọ́ tiwa ń yé ẹyin sínú omi, légbénlégbé á sì ti inú rẹ̀ jáde. Salamáńdà yìí kì í ṣe légbénlégbé. Ìyá ń yé ẹyin díẹ̀, tí kì í sábà ju mẹ́wàá lọ, sínú ihò ìtì igi. Àwọn ẹyin náà á so rọ̀ lókè ihò bí èso. Ìyá á ká ara mọ́ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí wọ́n má baà gbẹ, kí wọ́n má bu, kí ẹranko mìíràn má sì jẹ wọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ekukáká ni ìyá fi ń jẹun. Ọmọ tó bá jáde ti rí bí ìyá rẹ̀, àfi pé ó kéré.

Ó mọ ilé rẹ̀ dáadáa. Ìlà tíńrín kan wà láti ètè rẹ̀ dé ihò imú, òórùn ilẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọ imú rẹ̀. Òórùn yìí ló fi ń mọ ẹni tó ti kọjá níbẹ̀, òun náà sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ sàmì sí ààlà. Bí ejò tàbí ẹyẹ bá gbá a mú ní ìrù, á já ìrù náà sílẹ̀, á sì sá lọ. Òmíràn yóò hù.

Kí ni irú nǹkan kékeré báyìí ń ṣe nínú igbó? Ní ọdún 1975, Thomas Burton àti Gene Likens gbé ìwádìí wọn jáde láti igbó Hubbard Brook ní New Hampshire. Wọ́n ṣírò salamáńdà tó tó 2,950 nínú ẹ́kítà kan, ẹlẹ́yìn pupa yìí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n, wọ́n wúwo tó ìlọ́po méjì gbogbo ẹyẹ inú igbó náà. Wọn kì í ná oúnjẹ láti mú ara wọn gbóná. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n jẹ ló ń di ẹran ara, tí ejò, ẹyẹ àti eku igbó sì ń rí jẹ.

Ṣùgbọ́n awọ tó ń fún un ní ẹ̀mí náà ni ewu ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá gé igbó kanlẹ̀, oòrùn á gbẹ ilẹ̀, ẹranko tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju yàrá kan tàbí méjì lọ kò sì lè sá jìnnà. Lẹ́yìn èyí ni àrùn. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kéde kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìran olú, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń jẹ awọ salamáńdà. Ó ti pa èyí tó ju 90 nínú 100 lára irú salamáńdà kan ní Nẹ́dálándì. Éṣíà ló ti wá, òwò ẹranko ọ̀sìn ló sì gbé e dé Yúróòpù. Nítorí èyí, ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó irú salamáńdà 201 wọ orílẹ̀-èdè náà.

Àrùn yìí ní ìbátan tó ń pa ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà. Àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013 yẹ ẹranko 793 wò, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ní orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Benin wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan tó ní àrùn náà, títí kan àkèré ńlá tí wọ́n ń tà lọ́jà fún jíjẹ. Àwọn onímọ̀ náà sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀dàn tó gba ilẹ̀ wa kọjá, tó pín igbó ńlá sí méjì, ló dí àrùn náà lọ́nà.

Ọ̀dàn lè dí ohun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́nà. Kò lè dá ọkọ̀ tàbí alùpùpù dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti lẹ́bàá ẹnubodè gbogbo, ẹ má ṣe gbé àkèré láàyè láti odò kan lọ sí òmíràn. Ìtì igi tó sì ń jẹrà létí odò, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ni.