Yóógà fún Aboyún àti Ìyá Ìkókó

Púpọ̀ nínú àwọn aboyún tó ń wá fún àyẹ̀wò ti rí yóógà rí lórí fóònù: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi orí dúró, tàbí tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, èmi tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà mi mọ́?” Ìyẹn kọ́ là ń sọ. Yóógà aboyún kò ju kí ẹ na ara jẹ́jẹ́, kí ẹ mí bó ṣe yẹ, kí ẹ sì sinmi. Ẹni tó ń jó, tó ń pàtẹ́wọ́ ní ántíínétà kí wọ́n tó yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò kò jìnnà sí i.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yóógà ti wá, ó sì ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn ibẹ̀. Nítorí náà làwọn kan fi ń béèrè bóyá ìbọ̀rìṣà ni. Ohun tí à ń kọ́ aboyún kò ní ẹbọ, kò ní ọfọ̀ nínú. Bí olùkọ́ kan bá ní kí ẹ pe ohun tí ọkàn yín kò gbà, ẹ má pè é, ẹ máa mí lọ ní tiyín. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbàdúrà sínú nígbà ìsinmi, kó gbà á.

Àǹfààní rẹ̀

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò ní àìsàn tó lè dí i lọ́wọ́ máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Ẹ lè pín in sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà nínú rẹ̀, nínà ara jẹ́jẹ́ náà sì dára. Ní ti ìrora ìrọbí, àwọn ìwádìí kan fi hàn pé yóógà lè dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé ẹ máa bí wẹ́rẹ́ tórí pé ẹ ṣe yóógà, ọjà ló ń tà.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ìkejì lé ikùn. Ẹ fa èémí sínú gba imú, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́rin. Ẹ tú u síta gba ẹnu, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́fà. Ọwọ́ tó wà lórí ikùn ló yẹ kó máa gbéra jù. Ẹ má sé èémí rárá. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, torí pé nígbà tí ìrọbí bá mú, ohun tó ti mọ́ra nìkan ni èèyàn máa ń rántí. Ẹ kọ́ ọkọ yín tàbí ẹni tí yóò bá yín dúró, kó lè máa bá yín kà á.

Ìkejì, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ ká ìró sábẹ́ orúnkún. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ dá a padà kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ṣe jìn wọlẹ̀. Ẹ ṣe é bí ìgbà márùn-ún. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nítorí oyún á rí ìsinmi. Ìdúró yìí wúlò nígbà ìrọbí pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa àgbà kò ṣàdédé máa bímọ lórí ìkúnlẹ̀.

Iṣan ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó. Ẹ fún un bí ìgbà tí ẹ fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, ẹ ka márùn-ún, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí ìtọ̀ gan-an o. Ó ń ran àwọn tí ìtọ̀ ń já lára wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí sín.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja ṣe eré ìdárayá. Ilé ọmọ lè tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, kí òyì sì kọ́ yín. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tó gbóná, ẹ má fi orí dúró, ẹ má sì lọ́ ikùn. Oyún máa ń mú kí oríkèé ara dẹ̀, nítorí náà ẹ má nà dé ibi tí agbára yín mọ, kódà bó bá ń rọrùn.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ibi ọmọ dí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rán ẹnu ilé ọmọ fún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an, tàbí tó ti ní ìrọbí àìtọ́jọ́, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí omi bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú ń ṣú, bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ọmọ kò yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ máa bọ̀ nílé ìwòsàn kíákíá.

Lẹ́yìn ìbímọ

Mímí àti iṣan ìsàlẹ̀ kò ní kí ẹ dúró pẹ́; bí ara bá ti gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó di àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè ní láti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀já tí ẹ fi ń di ikùn kò lè ṣe iṣẹ́ iṣan.

Ohun tó jẹ wá lógún jù nìyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lágbàáyé, nǹkan bíi 13 ló ń ní àárẹ̀ ọkàn, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, ó sún mọ́ 20. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ á máa sunkún láìnídìí, oorun á dá lójú rẹ̀ kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, á máa rò pé òun kò yẹ ní ìyá. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní, “Ṣé o ò dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún ọ lọ́mọ ni?” Á sì pa ẹnu mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ ṣe yóógà láàárín àwọn ìyá bíi tiyín dípò kí ẹ máa dá wo fídíò nínú yàrá. Ìjókòó tó ń tẹ̀lé e, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun náà ò sùn láti ìjẹta, a kà á sí ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n yóógà kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ wá sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ìyá kan bá ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ bi agbẹ̀bí tó ń tọ́jú yín ibi tí kíláàsì wà ládùúgbò yín. Ẹ sọ oṣù tí oyún yín wà fún olùkọ́. Ẹ mú ẹní, omi mímu àti káàdì àyẹ̀wò yín dání. Ìyá ìkókó lè gbé ọmọ wá. Bó bá sunkún, kó fún un lọ́mú níbẹ̀.