Ojú Ọ̀bẹ Àpò

Ní àdúgbò Challenge, ní ìlú Ìlọrin, ni a ti fi ọ̀bẹ àpò tí bàbá wa fi sílẹ̀ lé apọ́nbẹ kan lọ́wọ́. Iná ń ta jáde lára irin náà bí òkúta ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń yí, a sì rò pé iṣẹ́ dáradára ni. Nígbà tí a gbà á padà, ó mú bí abẹ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí a fi gé okùn, tí ojú rẹ̀ ká bí etí ewé. Ó ti fẹ́lẹ́ jù, irin tí ẹ̀rọ sì ti jẹ kò lè padà mọ́. A kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Àwa ni kò sọ iṣẹ́ tí a ń fi ọ̀bẹ náà ṣe fún un.

Irin tí kì í dípẹtà ni. Harry Brearley yọ́ irú rẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1913. Kirómíọ̀mù tí a pò mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kí ó dípẹtà, ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ́n nínú wọn a máa rọ̀ díẹ̀.

Dígírì 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ ọ̀bẹ ìdáná tí ń gé ẹ̀fọ́ àti ẹja. 20 ni a fẹ́ fún ọ̀bẹ àpò. Èyí tí yóò máa gbẹ́ igi, kí ó tó 25.

Báwo ni a óò ṣe wọ̀n ọ́n nínú ilé? Ẹ gbé ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí òkúta: 90 nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó di 45. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì èyí, ó di 22 àti ààbọ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ fi yíǹkì kun ojú ọ̀bẹ náà, kí ẹ sì fi ra òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Bí yíǹkì bá kù sí etí rẹ̀ gan-an, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Bí ó bá jẹ́ etí náà nìkan ni ó mọ́, ẹ gbé e sókè jù.

Kí omi wà lórí òkúta. Ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí ìka yóò fi mọ ìwú tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tó yí i padà. (Ẹ má ṣe fi ìka tọ gígùn ojú ọ̀bẹ o, láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti fà á wá sí etí.)

Ọ̀bẹ bàbá wa kò fẹ̀ tó bí a ti bá a mọ́. A tún un pọ́n ní 20 ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó sì ń bó ọsàn fún àwọn ọmọ láti ìgbà náà.