Àkísà Àgbà: Ìdí tí Aṣọ Àtijọ́ kì í fi í Kúrò Nínú Àpótí ní Ìṣẹ́yìn

Ìlú aṣọ òfì ni Ìṣẹ́yìn ní Òkè-Ògùn. Nínú àpótí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀, sányán, àlàárì àti ẹtù tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Àlejò lè pè wọ́n ní pàǹtí. Òwe Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rí ọjọ́ orí ni àkísà nínú òwe yìí.

Ìdí mẹ́ta ni aṣọ wọ̀nyí fi ṣòro láti fi sílẹ̀. Èkíní, aṣọ ayẹyẹ ni wọ́n: ìgbéyàwó, oyè, ìsìnkú òbí. Èkejì, bí olówó aṣọ bá ti kú, aṣọ di ogún. Ẹnì kan kò sì lè dá pinnu lórí ogún ẹbí. Ẹ̀kẹta, kò rọrùn láti rí irú wọn mọ́. Ara ilé tí kòkòrò kan ń ta sórí igi ni a ti ń rí òwú sányán àtijọ́, ṣùgbọ́n òwú ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò lónìí.

Russell Belk (1988) ṣàlàyé pé ohun ìní ènìyàn a máa di apá kan ara rẹ̀. Àpótí Ìṣẹ́yìn fi hàn pé ó lè di apá kan ara ẹbí pẹ̀lú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìtàn aṣọ wà. Bí àgbà tó mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá kú láìsọ ọ́, aṣọ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti di pàǹtí lójú ọmọ. Nítorí náà, kí a tó bèèrè ohun tí a ó kó dànù, ìtàn ló yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.