Ẹ̀kọ́ Ń Bẹ Nínú Fóònù, Ṣùgbọ́n Ẹ Wo Ẹnu Tó Ti Jáde

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Láyé àtijọ́, olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun titun a dúró de àkókò ìsinmi kí ó tó lọ gba ẹ̀kọ́ ráńpẹ́. Oníṣòwò a sì dúró de ọjọ́ ọjà kí ó tó mọ iye tí ẹrù ń lọ. Lónìí, Facebook, YouTube, WhatsApp àti X ti sọ gbogbo wa di akẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́, bí a bá mọ̀ wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà Odò Orí ní Ìwó níbí ṣe àpèjúwe. Aláròóbọ̀ a lọ láti oko dé oko, a kó iṣu àti ata jọ sójú kan, kí oníbàárà má baà rin oko mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ètò akóròyìnjọ ṣe ń kó ọ̀rọ̀ titun láti ọ̀pọ̀ ibi wá fún wa. Google Reader ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 2005 títí wọ́n fi pa á ní 2013. Feedly ṣì ń ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo èrè rẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wa ń sọ pé plánẹ́ẹ̀tì 9 ni ó ń yí oòrùn po. Láti oṣù kẹjọ 2006 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ti yọ Pluto kúrò, ó ku 8. Olùkọ́ tó ń tẹ̀lé ojú ewé NASA kò ní fi èyí ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ owó titun. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí á máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ọjọ́ 13 ni báńkì àpapọ̀, CBN, tó kéde rẹ̀ fún àwọn báńkì. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ahesọ gba ìgboro. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé ìròyìn gidi lórí fóònù rẹ̀ mọ ìdájọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Ẹni tó gbójú lé ọ̀rọ̀ àtagbà kò mọ èyí tí yóò gbà.

Ewu ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ 2014, ọ̀rọ̀ kan tí a kò mọ olórí rẹ̀ ń kiri fóònù pé kí á mu omi iyọ̀, kí á sì fi wẹ̀, kí Ebola má baà mú wa. Irọ́ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kìlọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn pé àwọn kan kú nítorí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, ẹ yan ojú ewé mélòó kan tí ẹ mọ olórí wọn, kí ẹ sì yà wákàtí kan sọ́tọ̀ fún wọn, nítorí dátà kì í ṣe omi òjò. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera tàbí owó, ẹ wá a níbi méjì kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ èyí tó wúlò sínú ìwé, nítorí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni à ń gbà wọlé. Ìjọba ti Twitter pa mọ́ wa láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022. Ẹni tó kó gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ síbẹ̀ jókòó síta fún oṣù méje.

Ilé odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó. Ẹyẹ náà mọ ohun tó gbọ́ sọ, ṣùgbọ́n kò mọ bóyá òótọ́ ni. Àwa kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ wà níwájú olùkọ́, oníbàárà sì wà níwájú oníṣòwò. Ohun tí a bá sọ fún wọn ni wọn yóò gbé lọ sílé.